Má Tíì Ta Ẹ̀rọ Ihò Yẹn

Ilé wa, Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Mojísọ́lá, Àjọkẹ́ mi,

Màmá rẹ ló mú lẹ́tà yìí wá fún ọ. Kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí náà má ṣe kà á sókè létí rẹ̀ kí o tó kà á tán fúnra rẹ. Mo mọ̀ pé wàá béèrè pé kí ló dé tí bàbá tó ní fóònù lọ́wọ́ fi jókòó tó ń kọ̀wé. Bí mo bá pè ọ́, n ó kàn béèrè bóyá o ti jẹun, ìwọ náà á ní ẹ ṣé, mo ti jẹun, a ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí a ti ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kọjá ti oúnjẹ.

Nígbà tí Màmá rẹ dé láti ọ̀dọ̀ rẹ ní Òde-Omi lọ́jọ́ Ajé, ó sọ fún mi pé ilé tí ilé ẹ̀kọ́ fún ọ dára, pé atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ wọlé dáadáa, pé àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ níṣẹ́ igi ti ń pè ọ́ ní Àńtí Káfíńtà. Inú mi dùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá sọ pé ẹ̀rọ ihò rẹ wà lẹ́yìn ilé lábẹ́ tapólì, pé o kò tíì tàn án láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ọkọ̀ ojú omi gbé e dé, àti pé o ti bá àwọn tó ń ra irin àlòkù sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n á wá gbé e. Ó ní nígbà tí òun béèrè ìdí rẹ̀, o ní, "Màmá, ẹ̀rọ tí mi ò lè fọkàn tán, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" Ẹ̀bà wà níwájú mi nígbà tó ń sọ̀rọ̀ yẹn, mi ò sì lè jẹ ẹ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn ni mo torí rẹ̀ mú bírò. Ṣùgbọ́n bàbá ni mo jẹ́, ìwọ náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi tí o kò gbé rí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn lórí ohun tó rọrùn láti sọ, kí ọwọ́ mi lè gbóná kí n tó dé ibi tó le.

Àkọ́kọ́, omi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù, tí mo rò pé mo ti mọ gbogbo ohun tó wà nínú iṣẹ́ káfíńtà, ọkùnrin kan láti Makun-Omi gbé iṣẹ́ ilẹ̀kùn mẹ́rin fún mi. Ìgbà ọyẹ́ ni. Igi náà gbẹ gan-an. Mo kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan débi pé bébà kò lè gba àárín òun àti férémù kọjá, mo sì ń yangàn kiri nítorí rẹ̀. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilẹ̀kùn wú. Ọkùnrin náà wọ yàrá lọ sùn lọ́sàn-án, nígbà tó jí, kò rí ilẹ̀kùn ṣí mọ́. Ojú fèrèsé ló gbà jáde níṣojú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò. Ó wá bá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí. Kò bú mi rárá. Ó kàn ní, "Káfíńtà, wá ká jọ lọ sùn nínú yàrá yẹn lẹ́ẹ̀kan, kí wo wò ó bó ṣe rí."

Nítorí náà, igi tí o bá rà ní sọ́mìlì tiwa níbí, má ṣe gé e lọ́jọ́ tó bá dé Òde-Omi. Tò ó sínú ilé, fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè máa gbà á kọjá, kí o sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí o bá ń kan ilẹ̀kùn, fi àyè sílẹ̀ fún òjò. Kọ́ àwọn ọmọ náà bẹ́ẹ̀, torí igi tí wọ́n máa lò ní gbogbo ayé wọn nìyẹn.

Ìkejì. Mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, títí kan Màmá rẹ. Ní Mamu tí mo ti kọ́ṣẹ́, èmi àti ẹnì kan tó ń jẹ́ Kọ́lá la jọ wọlé lọ́dún kan náà. Ọwọ́ Kọ́lá dáa. Tó bá pọ́n ṣísẹ́lì tí a fi ń gbẹ́ ihò, o lè fi fá irun apá. Èmi náà ń pọ́n tèmi láàárọ̀ lálẹ́, kò fá nǹkan kan. Bí oníbàárà bá dé, iṣẹ́ Kọ́lá ni Ọ̀gá wa máa ń gbé jáde fún wọn wò, tèmi á wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ kan tí Kọ́lá lọ pọn omi, mo mú ṣísẹ́lì rẹ̀, mo fi yọ ìṣó méjì lára pákó àlòkù kan, mo sì dá a padà síbi tí mo ti mú un. Ẹnu rẹ̀ ti kán. Nígbà tí Ọ̀gá rí i, ó bi Kọ́lá pé, "Kí wo fi ṣísẹ́lì rẹ ṣe?" Kọ́lá ní òun kò mọ̀. Ọ̀gá ní ẹni tí kò lè tọ́jú irinṣẹ́ kò ní fọwọ́ kan igi fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó máa gbálẹ̀. Mo wà níbẹ̀ tí mo ń ti ìfági bọ̀, tí mo ń ti ìfági lọ, mi ò gbójú sókè.

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà yẹn. Mo rò pé bí mo bá dàgbà, ìlara á kúrò lára mi bí èèyàn ṣe ń dàgbà kúrò nínú aṣọ. Irọ́ ni. Ìmọ̀ràn mi fún ọ ni pé lọ́jọ́ tí o bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ọ́ lọ, ì báà jẹ́ olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ, ì báà jẹ́ ọmọ kíláàsì rẹ, sọ ọ́ fún un lójú ara rẹ̀. Sọ pé, "O mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ." Kò ní dùn lẹ́nu rẹ, mo mọ̀. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà. Èyí tí mo gbé mì ní Mamu kò dà nínú mi títí dòní.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin Àgọ́-Ìwòyè yẹn.

Mo mọ orúkọ rẹ̀, Ọ̀gá Táyọ̀ tó ń bójú tó yàrá irinṣẹ́ ní yunifásítì tí o ti kàwé. Ọdún mẹ́ta gbáko lo fi ń sọ orúkọ yẹn nínú ilé yìí. Ọ̀gá Táyọ̀ ní kí n ṣe báyìí. Ọ̀gá Táyọ̀ fi han mí. Ọ̀gá Táyọ̀ ní wọn kì í ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe é yẹn mọ́, Bàbá. Èmi tí mo ti gbé ọ sórí tábìlì iṣẹ́ nígbà tí o kò tíì mọ̀ ọ́n rìn, tí ò ń fi ìfọ́ igi ṣeré nídìí ẹsẹ̀ mi, èmi ni mo wá ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ mi láti ẹnu ẹlòmíràn. Mo jowú ọkùnrin náà gan-an. Nígbà tó wá kí wa nílé lọ́jọ́sí, mo ní orí ń fọ́ mi, mo sì wà nínú yàrá títí ó fi lọ. Orí kankan kò fọ́ mi. Màmá rẹ mọ̀.

Ìwọ àti Ọ̀gá Táyọ̀ lẹ jọ ro ẹ̀rọ ihò náà, ṣùgbọ́n ìwọ nìkan lo ṣe é, nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì rí gbogbo rẹ̀. Dírìlì ńlá tí ẹnì kan ti jù nù ni o dá dùbúlẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ọ̀kadà méjì lo gbà lọ́wọ́ mẹkáníìkì ìsàlẹ̀, o fi wọ́n ṣe ọ̀nà tí tábìlì kékeré náà ń gbà yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Wẹ́dà jó irin tí èèyàn máa dì mú fà á mọ́ ọn. Èèyàn á de igi mọ́ orí tábìlì, á máa fà á sọ́tùn-ún sósì níwájú irin dírìlì tó ń yí, ihò gígùn á sì yọ nínú igi, ihò mọ́tísì tí orí igi kejì yóò wọ̀. Kí n tó fi òòlù àti ṣísẹ́lì gbẹ́ ẹyọ kan, ìwọ ti ṣe márùn-ún. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yà wá wò ó. Wọ́n á kọjá lára mi, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n á sì lọ dúró ti ẹ̀rọ rẹ. Ẹnì kan fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Mo wo fídíò náà lẹ́yìn ìgbà tí o ti fi han Màmá rẹ. Ẹ̀yìn mi ló hàn níbẹ̀, mo tẹ̀ ba iṣẹ́ mi.

Síbẹ̀, mo ṣì ní ìpín nínú rẹ̀ nígbà yẹn. O rántí pé irin dírìlì kì í ṣe igun. Orí méjèèjì ihò rẹ máa ń rí roboto, orí igi tó fẹ́ wọ inú rẹ̀ sì ní igun mẹ́rin, kò lè wọlé. O máa ń kó wọn wá síwájú mi láàárọ̀. O máa ń ní, "Bàbá, ẹ bá mi fún wọn ní igun." N ó mú ṣísẹ́lì, tàá, tàá, igun á yọ. Mo máa ń ṣe bí ẹni tó ń kánjú, bí ẹni tí o ń yọ lẹ́nu. Ayọ̀ mi nìyẹn láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀rọ náà kò lè parí iṣẹ́ láìsí èmi.

Ọjọ́ Sátidé kan lo ti Àgọ́-Ìwòyè dé, inú rẹ ń dùn. O ní, "Bàbá, Ọ̀gá Táyọ̀ ní kí n yé da yín láàmú. Ó ní orí igi yẹn ni kí n fi fáìlì yí po kó rí roboto bí ihò, ó ní á wọlé láìní igun." Mo ní ó dáa. O ṣe é níwájú mi, ó wọlé, ó sì fún pinpin. O yíjú sí mi pé kí n wò ó. Mo ní ó dáa. Láti ọjọ́ yẹn, o kò gbé igi kankan wá síwájú mi mọ́. Ìwọ rò pé ò ń bá mi dín iṣẹ́ kù. Èmi wá di ẹni tí kò wúlò nínú ṣọ́ọ̀bù ara mi, inú mi sì korò sí ọ, ìwọ ọmọ tí mo bí, lọ́nà tí mi ò rò pé bàbá lè korò sí ọmọ. Ìmọ̀ràn tó wà níbẹ̀ ni pé bí o bá rí ọ̀nà tí iṣẹ́ fi lè yá, wo ẹni tí ọ̀nà náà yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o bá a sọ̀rọ̀ ní ìjókòó. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi mi ló pọ̀ jù. Ẹnu wà lára mi, mo lè sọ pé, "Mojí, èyí dùn mí."

Ìkẹrin. Nígbàkigbà tí o bá kúrò nídìí ẹ̀rọ rẹ tí o sì padà dé, ì báà ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kọ́kọ́ fi igi àlòkù kan dán an wò kí o tó fi igi gidi sí i. Kí o sì fi pẹ́ńsù fàlà sójú igi, bí ẹ̀rọ tilẹ̀ sọ pé kò pọn dandan. Àwọn olùkọ́ iṣẹ́ á ní torí pé irin máa ń yọ̀ kúrò láyè rẹ̀ ni. Èmi mọ ìdí mìíràn, ó sì di dandan kí n sọ ọ́ báyìí.

Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ ṣe àga ìjókòó tuntun, tí ìdílé kan gbé igi ìrókò sílẹ̀ ní ìrántí ìyá wọn, èmi ni mo rò pé wọ́n máa pè, torí bàbá mi ló ṣe àwọn àga àkọ́kọ́. Ìwọ ni wọ́n pè. Bàbá Wọ́dìn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì dúró ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa, ó ní, "Àwọn ọ̀dọ́ ló kàn, àbí ẹ̀yin náà kò rí i, Bàbá Mojí?" Mo rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, o ti dán ẹ̀rọ wò, ihò rẹ pé, o ti to ẹsẹ̀ àga mẹ́rìnlélógún jọ. Epo jẹnẹrétọ̀ ló tán. O mú kẹ́ẹ̀gì, o ní, "Bàbá, mò ń bọ̀."

Mo mú sípánà. Mo yí nọ́ọ̀tì tó ń dá tábìlì náà dúró, mo sún un ní ìwọ̀n ìbú ìka kan. O ti fi kútẹ́ẹ̀sì pupa sàmì sí ojú ibi tó yẹ kó wà. Mo fi èékánná ha àmì náà kúrò, mo mú ìgò kútẹ́ẹ̀sì rẹ lójú fèrèsé, mo sì fi àmì tuntun sí i. Mo jókòó padà. O dé, o da epo, o tan ẹ̀rọ, o lu gbogbo ihò mẹ́rìnlélógún, torí o fọkàn tán ohun tí o ti dán wò. Ò ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́. Mo ń gbọ́ orin náà.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí o kó wọn pọ̀, gbogbo ihò ti gùn jù, orí igi ń mì nínú wọn. O wo ẹ̀rọ, o wo àmì rẹ, àmì pé. O jókòó sórí ìfọ́ igi, o sunkún. O ní, "Igi ìrókò ìyá olóògbé, Bàbá, mo ti bà á jẹ́." Mo dúró níbẹ̀. Mo sọ fún ọ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ṣọ́ọ̀kì ọ̀kadà yẹn ti jẹ.

Èyí tó burú jù ṣì kù. Igi yẹn kò bàjẹ́. Bí ihò bá gùn jù, èèyàn á gé ìrókò pẹlẹbẹ, á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ sínú orí ihò náà, á fá a, ojú kò ní rí i. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò fi hàn ọ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì gbà á lọ́wọ́ rẹ tí wọ́n gbé e fún mi, ohun tí mo ṣe nìyẹn. Àwọn ẹsẹ̀ àga tí o sunkún lé lórí gan-an ni àwọn èèyàn jókòó lé lọ́jọ́ Ìsinmi. Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Kò pẹ́ tí ìwọ gba iṣẹ́ olùkọ́ ní Òde-Omi. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ náà sínú ọkọ̀, mi ò jáde síta.

Lọ́jọ́ Ajé náà, lẹ́yìn tí Màmá rẹ sọ̀rọ̀ tán, mo lọ bá Bàbá Wọ́dìn nílé, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò gbà mí gbọ́. Ó fọwọ́ lé mi léjìká, ó ní, "Ẹ máa rọra, Bàbá Mojí. Bàbá dáadáa ló máa ń gba ẹ̀bi ọmọ rẹ̀ rù." Ó tún yìn mí fún un. Mo padà sílé bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀bùn lé lọ́wọ́ tí kò sì rí ibi gbé e sí. Ìwọ nìkan ló lè gbà mí gbọ́, torí ìwọ lo mọ ẹ̀rọ yẹn. Lọ ṣí tapólì, tú nọ́ọ̀tì náà, wo ara bóòtì. Kútẹ́ẹ̀sì tìrẹ ṣì wà nínú ojú ìlà rẹ̀ níbi tí èékánná mi kò dé. Ó jìnnà sí àmì mi ní ìwọ̀n ìbú ìka kan.

Àga àwọn akọrin ṣì kù. Wọ́n ní kí n ṣe é, mo ní mi ò ṣe, mo ní ẹni tó ni iṣẹ́ náà wà ní Òde-Omi. Mi ò mọ̀ bóyá wàá fẹ́. Bí o bá wá, n ó tún sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wọn níwájú rẹ, bóyá bí wọ́n bá wo ojú rẹ, wọ́n á gbà pé òótọ́ ni. Bí o kò bá fẹ́ rí mi fún ìgbà díẹ̀, mo gbà. Màmá rẹ á máa wá.

Bí o bá ta ẹ̀rọ náà nítorí pé o kò nílò rẹ̀ mọ́, tìrẹ ni, tà á. Ṣùgbọ́n má tà á nítorí pé o rò pé ó já ọ kulẹ̀. Kò já ọ kulẹ̀ rí. Bàbá rẹ ló já ọ kulẹ̀, níṣojú rẹ, ó tún bá ọ wá ẹ̀bi lára irin.

O mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ, Mojísọ́lá. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Mi ò ní parọ́ fún ọ pé ìlara náà ti tán. Lọ́jọ́ tí Màmá rẹ bá dé tó ní òun gbọ́ tí ẹ̀rọ yẹn ń dún lẹ́yìn ilé rẹ, n ó tún jowú, n ó sì lè má jẹun. Jẹ́ kí n jowú. Ìwọ ṣáà tàn án.

Èmi ni bàbá rẹ.